Ẹni Tó Bá Gba Iṣẹ́ Ìlú, Kó Wá Jíhìn: Ogún Tí Àwọn Ará Áténì Fi Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀kọ́ ti ẹ̀ka wa)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi sílẹ̀ fún ayé òde òní. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ tán, a ó sùn síbí. Ìṣègùn wọn, ìṣirò wọn, eré Òlíḿpíìkì wọn, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Èyí tó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo mú wá: bí àwọn ará Áténì ṣe ń yan ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ìlú, àti bí wọ́n ṣe ń gba ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ Áténì, ìlú tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù. Ohun tí mo ń sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ohun tó lé ní 500 ọdún ṣáájú Pọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ẹni 500, àádọ́ta láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ọdún kan péré ni wọ́n sì ń lò. Nígbà tó yá, ìbò ni wọ́n fi ń mú wọn.

Ìbò wo? Kì í ṣe ti ìwé tí à ń jù sínú àpótí. Ìbò bíi èyí tó mú Mátíásì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni. Èdè wa kúkú fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì. Aristotle kọ ọ́ pé ìbò báyìí ni ti ìjọba ará ìlú. Pé ká máa yan ẹni tó wù wá, ti ìjọba àwọn díẹ̀ ni. Olówó lè ra ojú rere ènìyàn, kò lè ra ti ìbò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gágun mẹ́wàá ńkọ́? Ọwọ́ ni wọ́n ń nà láti yan àwọn yẹn, nítorí ogun kì í ṣe ohun à ń fi oríire jà.

Síbẹ̀, ìbò kọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Bí ọdún bá ti pé, gbogbo ẹni tó di ipò ìlú mú gbọ́dọ̀ wá ṣírò. Ẹni tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan owó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gbà, òun kò sì ná. Kí ó tó ṣírò tán, kò gbọ́dọ̀ jáde ní ìlú. Kò gbọ́dọ̀ fi ohun ìní rẹ̀ ta òrìṣà lọ́rẹ. Kò gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìhágún, ìdílé mìíràn kò sì gbọ́dọ̀ gbà á ṣọmọ. Ẹ rí i pé wọ́n ti mọ gbogbo ihò tí eku ń bá sá! Lẹ́yìn náà, ọmọ ìlú èyíkéyìí lè dìde kó fẹ̀sùn kàn án. Ní ọdún 430 ṣáájú ìbí Kristi, Pericles fúnra rẹ̀, ẹni tó lókìkí jù láàárín wọn, wọ́n yọ ọ́ nípò ọ̀gágun, wọ́n sì bu owó ìtanràn fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi yàn án padà. Wọn kò bá a ṣọ̀tá. Ìṣirò ni wọ́n ń bá a ṣe.

Owó iṣẹ́ ìlú pàápàá, ara òkúta ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí kí gbogbo ayé lè kà á. Ti ilé òrìṣà Erechtheion, ní nǹkan bí 409 sí 407 ṣáájú ìbí Kristi, àjákù rẹ̀ ṣì wà. Orúkọ àwọn káfíńtà àti àwọn tó ń gbẹ́ òkúta wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n gbà. Púpọ̀ nínú wọn ń gba dírákímà kan lóòjọ́, ọmọ ìlú, àlejò àti ẹrú bákan náà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ó dájú tó pé ọ̀gá ẹrú ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹrú. Obìnrin kò ní ohùn ní ìpàdé ìlú, àlejò kò ní, ẹrú kò ní. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú ló sì ń wa fàdákà ní Laurion, lábẹ́ ilẹ̀, kí ìlú náà tó lówó lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń yin Áténì tí kò dárúkọ àwọn yẹn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nínú ogún yìí, ayé òde òní mú ọ̀rọ̀ dẹmókírésì, ó sì fi ìbò sílẹ̀ fún ìdìbò yíyàn. Ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn kan ń padà sí i: ní 2016, ilẹ̀ Áyálándì ṣa ọmọ ìlú 99 láìwo ti ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n fi alága kan tì wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n jókòó gba ìjọba nímọ̀ràn lórí òfin ilẹ̀.

Ti ìṣirò ńkọ́? Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 1973 ní ilẹ̀ wa pa á láṣẹ pé kí ẹgbẹ́ máa fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa, àwa la ni ín kì í ṣe ìjọba. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé àbá yìí síwájú yín: kí akápò ka ìṣirò ọdún lójú gbogbo wa, kí á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde fún 30 ọjọ́, kí á tó gba orúkọ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ dupò lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti bá akápò sọ ọ́ ṣáájú, kò bínú. Alága, mo dúró de ẹni tí yóò kín àbá náà lẹ́yìn, àti ẹni tí yóò tàkò ó.