Orúkọ Kan fún Ìlú Méje

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ọ̀rọ̀ tòní bá wí jù lọ. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó wá sọ̀rọ̀ nípa ráútà, ẹ̀rọ tí ń júwe ọ̀nà fún ìsọfúnni láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá tú iṣẹ́ ráútà palẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ọ̀rọ̀ orúkọ kò sì jìnnà sí oko àwa olùkọ́ èdè.

Ẹ jẹ́ kí a gba Ayétẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Bí ará Ayétẹ̀ bá wà ní Èkó, tí wọ́n bi í pé níbo ni ó ti wá, ó lè dáhùn pé, “Ìbàràpá ni.” Ìlú méje ni ó wà nínú orúkọ yìí: Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngàn, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Àlejò tí ń bọ̀ láti Èkó kò nílò láti há ọ̀nà méje sórí. Bí ó bá ti mọ ọ̀nà Ìbàràpá, ó tó. Àwọn onílé ni yóò júwe èyí tó kù fún un. Kíké ọ̀pọ̀ ọ̀nà kúrú sí ẹyọ kan báyìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní route summarization.

Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí a ó lò lónìí ní apá mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ láti òfo títí dé 255. Èyí já sí ipò 256. Ẹni tó bá mọ iye odù Ifá yóò ti rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe àdììtú rárá. Ojú mẹ́jọ ni a ń tẹ̀ nínú odù kan, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ojú kọ̀ọ̀kan a sì jẹ́ ẹyọ tàbí méjì. Ojú mẹ́jọ náà ni ẹ̀rọ ń lò, òfo tàbí ẹyọ. Ìṣirò kan náà ni ó bí iye kan náà.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò lè sọ ibi tí orúkọ ìlú parí sí àti ibi tí orúkọ ilé ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní subnet mask nìyẹn, èyí tí n ó máa pè ní ìbòjú. Apá tí ìbòjú bá ti jẹ́ 255, orúkọ ìlú ni. Apá tí ó bá ti jẹ́ òfo, orúkọ ilé ni.

Ká sọ pé a fẹ́ so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú méjèèje pọ̀. A fún Ayétẹ̀ ní 10.40.8.0, a fún Tápà ní 10.40.9.0, a sì tò ó bẹ́ẹ̀ títí Lánlátẹ̀ fi gba 10.40.14.0. Ìbòjú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 255.255.255.0. Ráútà tí ó wà ní Igbó-Ọrà ni ó so gbogbo wọn mọ́ Ìbàdàn. Dípò kí ó ka ọ̀nà méje sí Ìbàdàn létí, yóò kéde ẹyọ kan péré: 10.40.8.0, pẹ̀lú ìbòjú 255.255.248.0. Ẹ yọ 8 kúrò nínú 256, ẹ ó rí 248; àwa tí à ń ka mẹ́ta dín lógún kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ìyọkúrò. Nínú apá kẹta, ojú márùn-ún àkọ́kọ́ ni ó dúró fún Ìbàràpá. Ojú mẹ́ta tó kù ni ó ya ìlú kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Bí wáyà Ayétẹ̀ bá ń já, tí ó ń so, Ìbàdàn kò ní máa tún ìwé ọ̀nà rẹ̀ kọ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ìwé ọ̀nà inú àwọn ráútà ńlá àgbáyé ń wúwo kọjá agbára wọn, irú ìkékúrú yìí ni wọ́n gbé ètò àdírẹ́sì tuntun kà ní 1993. Síbẹ̀, ọ̀nà inú ìwé náà ti lé ní 900,000 lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ tún nọ́ńbà wa kà. Láti 8 dé 15, mẹ́jọ ni, bẹ́ẹ̀ ìlú méje ni Ìbàràpá. Ta ni ó ni ìkẹjọ? Ìbòjú kò mọ méje; méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún ni ó mọ̀. Bí ẹrù kan bá ń lọ sí 10.40.15.5, Ìbàdàn yóò tì í sí Igbó-Ọrà nítorí ìkéde tí ó gbọ́. Igbó-Ọrà kò mọ ibẹ̀. Bí a bá ti pàṣẹ fún un pé kí ó dá ohun tí kò bá mọ̀ padà sí Ìbàdàn, yóò dá a padà. Ìbàdàn yóò sì tún tì í wá. Ẹrù náà yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, títí iye ìrìn tí a kọ sí i lórí yóò fi tán. Òògùn rẹ̀ ni kí a kọ ọ́ sínú ráútà Igbó-Ọrà pé ohunkóhun tó bá jẹ́ ti orúkọ ńlá náà, tí kò sì ní ọ̀nà tirẹ̀, kí ó jù ú nù síbẹ̀.

Bí ìkẹjọ bá jẹ́ ti Ìsẹ́yìn ńkọ́? Bí Ìsẹ́yìn bá kéde tirẹ̀, Ìbàdàn yóò tẹ̀lé e, nítorí ọ̀nà tó ṣe pàtó jù ni ráútà ń gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìkéde Ìsẹ́yìn bá sinmi, ẹrù Ìsẹ́yìn yóò ya sí Ìbàràpá. Bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ láti 6 dípò 8, orúkọ kan tí yóò bo ìlú méje wa yóò gba mẹ́rìndínlógún. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Ìkéde tó kọjá ààlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ MainOne ní Èkó ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Àṣìṣe wọ inú àsẹ́ tí ó yẹ kí ó dá ìkéde dúró, ilé-iṣẹ́ náà sì kéde ọ̀nà Google tó lé ní 200 fún àwọn tí kò yẹ kí ó kéde wọn fún. Fún ìṣẹ́jú 74, ẹrù tí ń lọ sí Google gba Ṣáínà àti Rọ́ṣíà. Kì í ṣe ìkékúrú ni ó fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kọ́ wa: ẹni tó bá kéde ọ̀nà ti di onígbọ̀wọ́ gbogbo ohun tí ìkéde rẹ̀ bò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín fi bébà àti bírò ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ráútà. Kí wọ́n béèrè pé: nọ́ńbà mélòó ni orúkọ yìí bò? Mélòó ni tiwa? Ta ni ó ni ìyókù? Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.