Ìkọ́ṣẹ́ Agbaninímọ̀ràn: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọ̀dọ́



Ọ̀pọ̀ òbí wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ọmọ tí kò bá lọ sí yunifásítì ti ṣòfò. Èmi náà ti ilé-kéwú dé yunifásítì. N kò kẹ́gàn ìwé. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ibẹ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní èlé nínú, ẹ sì mọ ohun tí Islam wí nípa èlé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Deloitte, PwC, EY àti KPMG a máa gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í san owó ẹ̀kọ́. Òun ni wọ́n ń san owó oṣù fún. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni ìjọba ti ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ńlá.

Kí ni iṣẹ́ náà? Iléeṣẹ́ tí nǹkan kò lọ déédéé fún ni yóò pe agbaninímọ̀ràn. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́nu wò, yóò ṣe ìṣirò, yóò sì bá ọ̀gá rẹ̀ kọ àbọ̀ ìwádìí. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun.

Àmọ́ ìdánwò ńbẹ níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wákàtí tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó tí oníbàárà yóò san. Ẹni tó ṣe wákàtí 5 tó kọ 8 ti jalè, bó tilẹ̀ wọ táì. Àṣírí oníbàárà pẹ̀lú, amaanah ni.

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ọ̀nà halaali. Aamiin.