Nígbà Tí A Mú Àwọn Màmá Wa Rìn Ká Ìlú Ọba

Ìgbìmọ̀ ní kí á sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú ará ilé rìn ká ìlú tí a ti gbé rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé Ìlú Ọba kí á tó kọjá sí Kánádà níbí, nítorí náà Lọ́ńdọ̀nù ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà ni a ti ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2009. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, màmá wa àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wá láti Ilé-Ifẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹbí kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa náà kó àwọn ọmọ láti Toronto, a lọ bá wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a jọ lò.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ kò pọ̀. Ẹ má mú àwọn àgbà káàkiri bí ẹni tó wá wòran nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ẹ ti sùn, ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Ṣùgbọ́n kí á tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wà. Màmá wa jẹ́ ẹni ọdún 74, ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ 79, orúnkún sì ń dun àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù yá lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó rẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, àtẹ̀gùn ni. Bọ́ọ̀sì ni a ń wọ̀. Nọ́ḿbà 12 láti Peckham gba Camberwell, ó kọjá lórí afárá Westminster, ó dé Trafalgar Square. Lórí ìjókòó ni wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀. Àwa tí a ti gbé ibẹ̀ rí náà ní láti tún ìlú kọ́, nítorí láti oṣù keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, káàdì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìrìnnà Kánádà, láti oṣù kìíní ọdún 2025 ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ETA kí ẹ tó wọ bàálù. Àwọn tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà nílò físà ní tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa kún un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ, inú àpò ọwọ́ ni kí ó wà, nínú páálí tirẹ̀, kì í ṣe inú ẹrù tí a ń jù sí abẹ́ bàálù. Ẹsẹ̀ méjèèjì lè wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò, ó sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Bí wọn kò bá wá lè mí dáadáa, 999 ni kí ẹ pè.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni ilé ìwòsàn Ìlú Ọba. Fún ará ibẹ̀ ni. Àlejò tó wá kí ẹbí láti Nàìjíríà kì í sanwó ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì, àmọ́ bí wọ́n bá ti dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, owó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba. A ti dúró rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣírò owó nígbà tó yẹ kí wọ́n máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn tí àgbà náà ní fún wọn. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ ni wọn yóò fi kọ̀ láti sanwó.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á rìn. Ní iwájú ilé ìwòsàn St Thomas', a jókòó sí ẹ̀bá odò, a ń wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní òdìkejì. Ère Mary Seacole, ọmọ Jàmáíkà tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní Crimea, wà níbẹ̀ láti ọdún 2016. Àwọn ọmọ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní British Museum, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. A wá orí bàbà Ifẹ̀ kan lọ, èyí tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Ẹ̀gbọ́n màmá wa kúnlẹ̀ díẹ̀, orúnkún tó ń dùn wọ́n náà ni o, wọ́n kí i bí a ṣe ń kí ọba. Wọ́n wá bi wá pé, “Ta ló gbé wọn wá síbí?” Ọmọ wa obìnrin ka ohun tí wọ́n kọ sára gíláàsì fún wọn. Wọ́n ní, “Mo gbọ́. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ nílé?” Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹfà ni a mú wọn lọ sí àdúgbò tí a ti kọ́ṣẹ́. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń gbé ti di ilé aládàáni, a kò lè wọlé. Ibùdókọ̀ tó wà ní iwájú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Màmá dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bí wọ́n ṣe dúró ní ibikíbi lọ.

“Ṣé ibí lo ti ń dúró ní òru?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí.”

“Nínú òtútù? Ta ló ń dúró tì ọ́?”

Kò sí ẹnì kankan. Nígbà náà, káàdì tẹlifóònù ni a fi ń pe ilé. Kí á tó béèrè àlàáfíà gbogbo ẹbí tán, owó inú rẹ̀ ti tán. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bàbá wa fẹ́ wá wo ibẹ̀ nígbà ayé wọn, wọn kò rí físà gbà, wọ́n sì papò dà ní ọdún 2011. Màmá fọwọ́ kan òpó ibùdókọ̀ náà. Wọ́n ní, “Bí mo bá délé, màá sọ fún bàbá rẹ pé mo ti rí i.”

Lẹ́yìn ìyẹn ebi ń pa àwọn ọmọ, a wọ bọ́ọ̀sì padà sí Peckham lọ jẹ àmàlà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú àwọn òbí yín rìnrìn àjò nígbà ooru, ẹ dúró dè wá lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò wá, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lọ ra ìnṣọ́ránsì.