Ọ̀rọ̀ lórí Ogún àti Ìwé Ìpíngún

 Ọ̀rọ̀ ogún ni a fẹ́ bá yín sọ. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ń kọ ìwé ìpíngún, tí àwọn mìíràn ń pè ní wíìlì, ikú ni ó ń pè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ń gba àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bàbá kankan kò lè fi í sínú ìwé ìpíngún fún àwọn ọmọ tirẹ̀ nìkan. Òfin tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe lórí ìwé ìpíngún ní 1958 pàápàá fi àyè sílẹ̀ fún àṣà ìbílẹ̀ lórí irú ọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ kọ́ lórí ilẹ̀ tí ó rà, àti owó rẹ̀ ní báńkì, ti ara rẹ̀ ni. Ó lè pín in bí ó ti wù ú.

Bí ó bá wá kú láìkọ nǹkan kan ńkọ́? Ohun-ìní náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, àkọ́bí ọkùnrin ni dáwódù tí yóò máa bójú tó o. Bí dáwódù bá kú, ilé-ẹjọ́ ti sọ láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, pé ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni yóò bọ́ sí ipò rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Kí àwọn tí ń sọ pé obìnrin kò ní ohùn nínú ogún bàbá rẹ̀ fetí sí èyí dáadáa.

Níbi pípín gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kò sì kọ ìwé ìpíngún. Àwọn kan ní kí a pín ogún ní ìdí-igi, ọgbọọgba fún ẹnu ọ̀nà ìyá kọ̀ọ̀kan; àwọn kan ní orí-ò-jorí ni, ọgbọọgba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí i padà ní 1958. Ẹjọ́ náà rékọjá òkun dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù, àwọn náà sì sọ ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àyàfi bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ tí olórí ẹbí sì pinnu pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ìyá kan bá bí ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ yẹn yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà tí ọmọ mẹ́rin láti inú ìyá mìíràn yóò pín ìdá kan yẹn láàrin ara wọn. Ta ni inú rẹ̀ yóò dùn? Ojú ìwé kan tí bàbá fọwọ́ sí ìbá ti pa gbogbo ẹjọ́ náà lẹ́nu mọ́.

Ti opó tún le jù. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún sọ ọ́ pé ní àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ òfin wà lábẹ́ ìlànà mìíràn, ṣùgbọ́n obìnrin tí a kàn sanwó orí rẹ̀ kò ní ààbò yẹn. Ìyàwó tí ó bá ọ gbẹ́ kòkò láti ìgbà èwe, tí ó bá ọ sá kòkó fún ogójì ọdún, ṣé ó yẹ kí ó máa tọrọ yàrá lọ́wọ́ ọmọ orogún rẹ̀? Kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Bí ènìyàn bá kú láìkọ ìwé, báńkì kì í gbé owó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ẹbí ti ṣèpàdé. Wọn yóò lọ sí ẹ̀ka tí ń rí sí ogún ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Adó-Èkìtì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú àti àkọsílẹ̀ ohun-ìní, wọn yóò wá onídùúró, wọn yóò san owó, ilé-ẹjọ́ yóò sì kéde kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ta kò ó, ọdún lè yípo lórí rẹ̀, kí òrùlé ilé sì máa jò.

Ìwé náà kò ṣòro. Fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jókòó papọ̀, kí àwọn náà fọwọ́ sí i lójú rẹ. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín: ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, nítorí ẹ̀bùn rẹ̀ yóò ṣòfò. Bí ẹ bá sì ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́, òfin ti fagi lé e. Ẹ kọ òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù àti Amẹ́ríkà, àṣẹ ogún tí kóòtù ibẹ̀ bá fún àwọn ọmọ yín kò lè ṣí ilé yín ní Ìgbàrà-Odò fúnra rẹ̀. Àyàfi kí kóòtù ilé náà fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i tàbí kí ó fún wọn ní òmíràn. Nítorí náà, ẹ dárúkọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ààlà rẹ̀ àti àwọn tí ẹ jọ pààlà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ìwé náà wà, kí ẹ sì fi í pamọ́ sí kóòtù ní Adó bí ẹ bá wálé ní ọdún Kérésìmesì.