Ààbò Ẹ̀mí ní Oríta Tamale

Àwọn àgbà a máa wí pé oríta mẹ́ta ní í dààmú àlejò. Lóde òní, kì í ṣe àlejò nìkan ni oríta ń dààmú. Onílé pẹ̀lú ń fara gbá a. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó pa káàkiri ayé ní ọdún 2021.

Ìlú tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lálẹ́ yìí ni Tamale, olú ìlú Ẹkùn Àríwá ní orílẹ̀-èdè Ghana. Tamale kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú mìíràn pọ̀ níbẹ̀ títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti ìgbà náà, ìlú ọ̀hún ti gbòòrò gidigidi. Alùpùpù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ibẹ̀ ń gùn, tọkùnrin tobìnrin, lọ sí ọjà, sí ibi iṣẹ́ àti sí ilé-ìwé. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìjọba ṣí afárá ńlá kan tí ó gba orí títì kọjá láàárín ìlú, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ìhà àríwá Ghana. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a yìn ni. Ṣùgbọ́n afárá kan kò lè tán ìṣòro gbogbo oríta. Ní àwọn àdúgbò bíi Gumani, níbi tí títì kékeré bá ti já sí títì ńlá, ohun tí a sábà máa ń gbẹ́kẹ̀ lé kò ju pátákó pupa kan tí a kọ STOP sí, èyíinì ni pé, Dúró.

Kí ni pátákó yìí ń wí? Ó ń wí pé kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró pátápátá, kí a wo ọ̀tún, kí a wo òsì, kí a sì jẹ́ kí àwọn tí ń bọ̀ lórí títì ńlá kọjá. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í dúró rárá. Wọn a kàn dẹ eré díẹ̀ ni. Irú wọn yẹ ní mímú. Ṣùgbọ́n àìgbọràn nìkan kọ́ ni ọ̀ràn náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ọkọ̀ tí ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tí í ṣe òpin eré láàárín ìlú ní Ghana, ń lọ tó 14 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹni tí ó dúró bá nílò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà láti gbéra kí ó sì kọjá tán, ọkọ̀ tí ó wà ní 84 mítà sí i yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ìsọ̀, igi, tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tí a gbé dúró bá dí i lójú, ẹni tí ó pa òfin mọ́ pàápàá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu ni.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé igun oríta ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Kí a gé ẹ̀ka igi tí ó bo pátákó. Kí a fi ọ̀dà funfun tún ìlà ìdúró kùn. Kí a má ṣe gba ọkọ̀ kankan láàyè láti dúró sí igun. Èyí kò gba owó afárá. Lẹ́yìn náà, kí a mọ gegele sórí títì ńlá kí ó tó dé oríta, kí eré lè dínkù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tí ń pa ènìyàn a fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀ jù fún pátákó, kí a ronú iná adarí ọkọ̀.

A mọ̀ pé ibì kan le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tí ń ta oúnjẹ àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń lẹ táyà yan igun oríta nítorí pé ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń dẹ eré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Kí a má ṣe wó ìsọ̀ wọn lóru. Kí ìgbìmọ̀ ìlú bá wọn jókòó, kí wọ́n fi okùn wọn ibẹ̀ ní ìṣojú wọn, kí wọ́n sì fún wọn ní àyè mìíràn ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹni tí a lé láìsí ibi tí yóò lọ yóò padà kí oṣù tó kú.

Ohun tí a wí nípa Tamale kan Ògbómọ̀ṣọ́, ó kan Ṣakí, ó sì kan gbogbo ìlú wa tí ń gbòòrò. Ìjọba ní agbára láti pàṣẹ pé kí a dúró ní oríta. Ojúṣe rẹ̀ sì ni láti rí i pé ẹni tí ó dúró lè ríran.