Ohun Tí À Ń Pè Ní Jíjìnnà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ òní kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. A ń wí pé, "Oko rẹ̀ jìnnà." A ń wí pé, "Ìbátan wa ni, ṣùgbọ́n ó jìnnà." Bí ẹnìkan bá purọ́, a ó ní ohun tí ó wí jìnnà sí òtítọ́. Ìyá a sì máa gbàdúrà pé kí ọmọ òun jìnnà sí ẹgbẹ́ búburú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ka sí kò dọ́gba. Mo fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹni tí kò bá mọ irú jíjìnnà tí ó wà láàrin òun àti ẹnìkejì rẹ̀, kò lè mọ ọ̀nà tí òun yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni jìn. Kànga jìn, ọ̀nà sì jìn. Ohun tí ó lọ sísàlẹ̀ àti ohun tí ó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan ni a fi ń pè wọ́n. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń pa á lówe pé, "Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun." Ojú rẹ̀ jìn sínú, ẹkún sì ní ọ̀nà láti rìn kí ó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn.

Èkíní ni jíjìnnà ti ilẹ̀. Àwọn baba wa mọ ibi tí ohùn lè dé, wọ́n mọ ibi tí òkò lè dé, wọ́n sì mọ ìrìn ọjọ́ kan àti ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ibùsọ̀ ni ibi tí arẹrù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ènìyàn sì wá fi ń pe máìlì. Àwọn kan a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé ọjọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Kí wọn má ṣe rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ọdún 1983, àkókò ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbogbo ayé náà fi ń sọ ohun tí mítà kan jẹ́. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 299,792,458, ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé nínú ìdá kan ṣoṣo ni mítà kan. Láti inú oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ sì ń rìn ín ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀. Ìrìn ọjọ́ ni ti àwọn baba wa, ìrìn ìmọ́lẹ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí.

Èkejì ni jíjìnnà ti ìdènà. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ Àjàyí Crowther wá. Ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin, àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣogùn, ìlú rẹ̀, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀. Láìpẹ́ wọ́n pín wọn níyà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, ibi tí ó ju 1,800 kìlómítà lọ sí Èkó.

Ní oṣù kíní ọdún 1845 òun àti àwọn òjíṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Láàrin ìlú méjèèjì kò tó 100 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó. Ṣùgbọ́n ìròyìn ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kàn wọ́n níbẹ̀, ogun sì dí ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù 18 ni wọ́n fi dúró. Ẹ rí i pé ọ̀nà kúkúrú tí ogun dí lè jìnnà ju òkun tí ọkọ̀ lè là kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Òkèèrè ni ẹkún náà ti ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni jíjìnnà tí ó yẹ. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin kòkó a máa fi bí mítà 3 sí àárín igi kan àti èkejì, kí ẹ̀ka wọn má baà há. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọlọ́gbọ́n ń ta kété sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ẹ má ṣe dá ẹni tí ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ̀kẹrin ni jíjìnnà ti ọkàn, èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ́ nínú rẹ̀. Àdúgbò kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi ń gbé. Bí ó bá wúkọ́ ní òru, mo ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba wa dá ìjà sílẹ̀, ọdún mẹ́ta sì kọjá tí a kò kí ara wa. Ọmọ mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tó 5,000 kìlómítà sí wa, ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ ni ó ń fi tẹlifóònù kí mi, mo sì mọ ohun tí ó jẹ lánàá. Láti ọ̀hún ni ó ti sọ fún mi pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń fọ́. Èmi tí ògiri kan ṣoṣo wà láàrin wa kò mọ̀.

Mo dìde ní ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó ní, "Ta nì yẹn?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni." A ti parí ìjà náà, ṣùgbọ́n kò tún lè rí ojú mi mọ́, ọdún mẹ́ta náà kò sì ṣeé dá padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ rántí ẹnìkan tí ó jìnnà sí yín, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tí ó wà láàrin. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ìdènà, ẹ dúró bí àwọn ti Àgbádárìgì ti dúró, ẹ má ṣe padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkàn, ẹ má ṣe dúró rárá. Ẹ tètè gbéra, nítorí ọ̀nà náà jìn ju bí ojú ti rí i lọ.