Ẹ Má Da Kúláǹtì Pọ̀ Mọ́ra Wọn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Ìjẹ̀bú-Òde



Gbogbo wa la mọ bó ti máa ń rí. A kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, a forí lé Ọ̀rẹ, abẹ́rẹ́ ìgbóná bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. A ra kúláǹtì tí a kọ́kọ́ rí, a da pupa lé aláwọ̀ ewé, a tún ń lọ.

Kúláǹtì kì í ṣe omi lásán. Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà wà nínú rẹ̀, ti ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Aláwọ̀ ewé ayé àtijọ́ sábà máa ń ní silicate. Aláwọ̀ ọsàn tí General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1995, oògùn mìíràn ló wà nínú tirẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, agbára wọn lè dínkù, òmíràn tilẹ̀ lè dì bí ẹ̀kọ, kó dí ihò rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì á jó. Owó ta ni wọ́n á sì yọ? Owó dírẹ́bà ni!

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan èyí tó wù ú. Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ wò. Bí ọ̀nà bá ká yín mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí, kí ẹ rọ omi mímọ́ sí i délé. Kí mẹkáníìkì wá da gbogbo rẹ̀ nù, kó fọ rédíétọ̀, kó rọ ẹyọ irú kan ṣoṣo.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ni pé kí wọ́n máa ra irú tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí wọ́n sì fi ike kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó jáde ní gáréèjì.